Ẹ Jẹ́ Kí Ìyá Náà Fi Èdè Rẹ̀ Sọ̀rọ̀: Lẹ́tà Ṣíṣí sí Olórí Ilé Aṣòfin Túrkì

Sí Alàgbà Numan Kurtulmuş, Olórí Ilé Ìgbìmọ̀ Aṣòfin Àgbà orílẹ̀-èdè Túrkì, àti gbogbo ọmọ ìgbìmọ̀ àlàáfíà tí Ilé náà gbé kalẹ̀, ní Ankara.

Ẹ kú iṣẹ́ ìlú, sà. Mo kúnlẹ̀ kí yín, nítorí ẹ jù mí lọ, ipò yín sì tóbi. Ìkíni náà tó bẹ́ẹ̀. Ọ̀rọ̀ wà nílẹ̀.

Ní oṣù Kẹjọ ọdún 2025, àwọn obìnrin tí wọ́n ń pè ní Ìyá Àlàáfíà wá síwájú ìgbìmọ̀ yín. Abiyamọ ni wọ́n. Ogun tó ti wà láàrin ìjọba yín àti àwọn Kúrdì, ẹ̀yà tó ní èdè tirẹ̀ ní Túrkì, láti ọjọ́ pípẹ́ ti gba ọmọ lọ́wọ́ wọn. Ọ̀kan nínú wọn fẹ́ fi èdè Kúrdì sọ ohun tó wà lọ́kàn rẹ̀. Ẹ̀yin lẹ wà lórí àga. Ẹ ní kò ṣeé ṣe, pé èdè Túrkì ni èdè Ilé. Ìgbìmọ̀ tí wọ́n dá sílẹ̀ nítorí ọ̀rọ̀ Kúrdì, etí rẹ̀ kò gba Kúrdì.

Àwọn àgbà wa ní, agbẹ́jọ́ ẹnìkan dá, àgbà òṣìkà. Tiyín tún wá yàtọ̀: ẹ ránṣẹ́ pe ẹni tí ọ̀rọ̀ dùn, ẹ fún un ní àga, ẹ wá gba ahọ́n lẹ́nu rẹ̀.

Ẹ lè ní kí ló kan Yorùbá nínú rẹ̀. Àríwá Lọ́ńdọ̀nù ni mò ń gbé, níbi tí ṣọ́ọ̀bù àwọn Kúrdì àti tàwa ọmọ Nàìjíríà ti fẹ̀gbẹ́ kẹ̀gbẹ́. Ọ̀dọ̀ bàbá kan tó ń ta ẹran àgùntàn ni mo ti ń rajà láti ìgbà tí mo ti dé. Ọ̀pọ̀ ọdún ni mo fi ń pè é ní ará Túrkì. Lọ́jọ́ kan ó gbé ọ̀bẹ sílẹ̀, ó rọra sọ fún mi pé ìwé ìrìnnà òun ló ń jẹ́ Túrkì, pé Kúrdì ni òun fúnra òun. Ó ní ọmọ ọdún méje ni òun nígbà tí òun wọ ilé ìwé. Òun kò gbọ́ ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo lẹ́nu olùkọ́, wọ́n sì ń na òun bí òun bá sọ èyí tí òun gbọ́. Ó ní fún ọdún kan gbáko, òun rò pé òun ti di odi. Mo rẹ́rìn-ín díẹ̀, àmọ́ kì í ṣe ẹ̀rín ayọ̀. Nílé ìwé tèmi náà, wọ́n máa ń kọ orúkọ ẹni tó bá sọ Yorùbá ní kíláàsì sójú pátákó, a ó sì san owó ìtanràn. Ṣùgbọ́n bí aago méjì bá ti lù tí a délé, rédíò ń sọ Yorùbá, wòlíì ń sọ Yorùbá, olóṣèlú tó ń wá ìbò ń sọ Yorùbá. Ọmọ Kúrdì ìgbà náà kò ní ibi tí yóò sá sí.

Nítorí náà ni mo ṣe ń to ẹjọ́ yìí níwájú yín, ní ẹyọ kọ̀ọ̀kan.

1. Ẹ jẹ́ ká bẹ̀rẹ̀ láti inú ìwé tiyín. Ní ọjọ́ 24 oṣù Keje ọdún 1923, àwọn aṣojú Túrkì tọwọ́ bọ àdéhùn Lausanne, ìwé tó fìdí orílẹ̀-èdè yín múlẹ̀ lójú ayé. Mo mọ̀ pé ẹ kórìíra èyí tó ṣáájú rẹ̀, ti Sèvres ní 1920, nítorí ó fẹ́ gé ilẹ̀ yín kélekèle, ó sì ṣèlérí ìjọba tara-ẹni fún àwọn Kúrdì. Ó dáa, ẹ jẹ́ ká fi ti Sèvres sílẹ̀. Lausanne tí ẹ̀yin fúnra yín ń yangàn, kí ló wí? Abala 39 rẹ̀ ní a kò gbọdọ̀ dí ọmọ Túrkì kankan lọ́wọ́ láti lo èdè tó bá wù ú nínú ọ̀rọ̀ abẹ́lé, nínú òwò, nínú ẹ̀sìn, nínú ìwé ìròyìn, tàbí ní ìpàdé gbangba. Ó fi kún un pé kí wọ́n ṣètò kí ẹni tí kò ń sọ Túrkì lè fi èdè ara rẹ̀ ro ẹjọ́ rẹ̀ nílé ẹjọ́.

Tàdáwà ìwé náà kò tí ì gbẹ tí ìjọba fi ti àwọn ilé kéwú pa ní oṣù Kẹta ọdún 1924, àwọn ilé tí ọ̀pọ̀ ọmọ Kúrdì ti ń gbọ́ ẹ̀kọ́ ní èdè wọn. Ní 1983, àwọn sójà tó fipá gbàjọba ní 1980 ṣe òfin 2932. Òfin yẹn fi dandan lé e pé Túrkì ni èdè abínibí gbogbo ọmọ Túrkì. Ẹ tún un gbọ́, sà: òfin ló ń sọ fún èèyàn irú èdè tí ìyá rẹ̀ fi rẹ̀ ẹ́ lẹ́kún! Ọdún 1991 ni wọ́n tó wọ́gi lé e. Bàbá ẹlẹ́ran mi ti kúrò nílé nígbà náà.

2. Ìyá tí ẹ pa lẹ́nu mọ́ kọ́ ni àkọ́kọ́ nínú Ilé yín. Ní ọjọ́ 6 oṣù Kọkànlá ọdún 1991, Leyla Zana, obìnrin Kúrdì àkọ́kọ́ tí wọ́n dìbò yàn sí Ilé náà, wá búra. Ó búra ní èdè Túrkì bí òfin ṣe là á sílẹ̀, kò fo gbólóhùn kan. Lẹ́yìn náà ló fi ọ̀rọ̀ díẹ̀ kún un ní Kúrdì, pé nítorí kí ará Túrkì àti Kúrdì lè máa ṣe bí ọmọ ìyá ni òun ṣe búra. Ilé dàrú. Wọ́n ń pariwo lé e lórí, wọ́n ń lu tábìlì. Ní 1994 wọ́n bọ́ ààbò aṣòfin kúrò lára rẹ̀, wọ́n ní ọmọ ẹgbẹ́ PKK ni, ìyẹn ẹgbẹ́ Kúrdì tó ń gbébọn bá ìjọba jà, wọ́n sì rán an lọ sẹ́wọ̀n ọdún 15. Ọdún mẹ́wàá ló lò níbẹ̀. Ilé Ẹjọ́ Ẹ̀tọ́ Ọmọnìyàn ti Yúróòpù sọ ní 2001 pé ìgbẹ́jọ́ tí wọ́n ṣe fún òun àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ kò bá ẹ̀tọ́ mu.

Lẹ́yìn ìyẹn ńkọ́? Fún ọ̀pọ̀ ọdún, bí aṣòfin kan bá sọ gbólóhùn Kúrdì nínú Ilé yín, ohun tí àwọn akọ̀wé ń kọ sínú ìwé ìrántí ìpàdé ni "èdè tí a kò mọ̀". Láti ọjọ́ kìíní ọdún 2009 sì rèé, tẹlifíṣọ̀n ìjọba yín ní ìkànnì kan tó ń sọ Kúrdì tọ̀sán tòru! Ìjọba mọ èdè náà dáadáa tó bá fẹ́ fi í bá Kúrdì sọ̀rọ̀. Ìgbà tí Kúrdì bá fẹ́ fi í dáhùn ló ń gbàgbé.

3. Orúkọ ńkọ́? Dersim, agbègbè àwọn Kúrdì, di Tunceli ní 1935. Ẹgbẹẹgbẹ̀rún abúlé ni wọ́n gba orúkọ lọ́wọ́ rẹ̀ tí wọ́n sì sọ ní orúkọ mìíràn. Àwọn ènìyàn náà fúnra wọn, "ará Túrkì orí òkè" ni wọ́n ń pè wọ́n, bí ẹni pé òkè ni wọ́n gùn tí wọ́n fi gbàgbé ẹni tí wọ́n jẹ́. Lẹ́tà ábídí pàápàá jẹ̀bi. Òfin ábídí ọdún 1928 kò mọ Q, W àti X, Kúrdì sì nílò mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Àwọn kan fojú ba ilé ẹjọ́ nítorí pé wọ́n kọ "Newroz" dípò "Nevruz" sórí ìwé ìpè ọdún tuntun. Ọdún 2013 ni ìjọba tó ní kí wọ́n máa kọ ọ́. Ẹ fojú inú wò ó, Alàgbà. Èdè yín ní ş onírù lábẹ́, tiwa náà ní ṣ olóòtò. Bí ẹnìkan bá sọ fún mi pé àmì tó wà lábẹ́ ṣ mi ń dún mọ̀huru-mọ̀huru sí ìjọba àpapọ̀, mo rò pé n óò rẹ́rìn-ín títí wọn ó fi wá mú mi.

Ẹ rántí olórin Ahmet Kaya. Ní oṣù Kejì ọdún 1999, níbi ìpàtẹ àmì ẹ̀yẹ ní Istanbul, ó ní òun máa kọ orin kan ní Kúrdì, pé òun mọ̀ pé tẹlifíṣọ̀n kan máa láyà láti gbé e jáde. Àwọn gbajúmọ̀ tó jókòó sídìí oúnjẹ bẹ̀rẹ̀ sí í ju fọ́ọ̀kì lù ú. Ó sá lọ sí Paris. Ibẹ̀ ló kú sí ní ọdún tó tẹ̀ lé e.

4. Mo fẹ́ dúró pẹ́ díẹ̀ níbi ọ̀rọ̀ abúlé, nítorí ibẹ̀ ni àwọn ìyá wọ̀nyí ti wá.

Ní àwọn ọdún 1990, àwọn sójà ń wọ abúlé Kúrdì, wọ́n ń ní kí àwọn ará ibẹ̀ gba ìbọn, kí wọ́n di ẹ̀ṣọ́ abúlé fún ìjọba, kí wọ́n sì máa bá PKK jà. Ẹni tó bá kọ̀, kó máa lọ. Wọ́n sun ilé, wọ́n sun oko. N kò ní fi ìṣirò àwọn ọ̀tá yín bá yín jiyàn. Ìgbìmọ̀ tí Ilé Aṣòfin yín fúnra rẹ̀ yàn ló kà á ní 1998: abúlé 905 àti àwọn ahéré 2,523 ló ṣófo, èèyàn 378,335 ni wọ́n lé kúrò. Àwọn àjọ ẹ̀tọ́ ọmọnìyàn ní iye náà ju bẹ́ẹ̀ lọ dáadáa, ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ ká mú tiyín. Àwọn wọ̀nyẹn ló kún Diyarbakır, tí wọ́n kún ẹ̀yìn odi Istanbul, tí àwọn kan nínú wọn sì ń gé ẹran fún mi ní Lọ́ńdọ̀nù.

Ẹ̀yìn ìyẹn ni Roboski. Ní alẹ́ ọjọ́ 28 oṣù Kejìlá ọdún 2011, bàálù ogun yín ju bọ́ǹbù lu àwọn ará abúlé tó ń ti ẹnubodè Ìráàkì bọ̀ pẹ̀lú ìbaaka tó ru epo àti sìgá. Fàyàwọ́ ni wọ́n ń ṣe, òótọ́ ni. Àwa tí a mọ Ìdí-Ìrókò àti Ṣàkì mọ̀ pé iṣẹ́ tí ọmọ ẹnubodè ń ṣe jẹun nìyẹn. Èèyàn 34 ló kú. Púpọ̀ nínú wọn kò tí ì pé ogún ọdún. Kò sí ọ̀gá ológun kan tó ṣẹ̀wọ̀n nítorí rẹ̀.

Nígbà tí ìjíròrò àlàáfíà tó wà láàrin ìjọba yín àti PKK fọ́ ní oṣù Keje ọdún 2015, ogun wọ inú ìgboro: Cizre, Nusaybin, Sur. Àjọ Ẹ̀tọ́ Ọmọnìyàn ti Àjọ Ìṣọ̀kan Àgbáyé ṣírò rẹ̀ pé láàrin oṣù Keje 2015 sí oṣù Kejìlá 2016, ó tó 2,000 èèyàn tó kú, ó sì tó ìlàjì mílíọ̀nù tó pàdánù ilé. Tahir Elçi, agbẹjọ́rò tó dúró lábẹ́ ilé ìpèrun ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́rin ní Sur tó ń bẹ̀bẹ̀ pé kí tọ̀tún tòsì má fi ìbọn ba ibẹ̀ jẹ́, ìbọn bà á níbẹ̀ lọ́jọ́ 28 oṣù Kọkànlá ọdún 2015. Ó kú pẹ̀lú ọ̀rọ̀ àlàáfíà lẹ́nu.

5. Ẹ̀yin yóò ní, PKK ńkọ́? Ẹ ní ẹ̀tọ́ láti béèrè. Láti ìgbà tí wọ́n ti kọlu Eruh àti Şemdinli lọ́jọ́ 15 oṣù Kẹjọ ọdún 1984, ó lé ní 40,000 èèyàn tó ti bá ìjà yìí lọ, kì í sì í ṣe ìjọba nìkan ló pa wọ́n. Àwọn PKK pa olùkọ́. Ní Pınarcık ní oṣù Kẹfà ọdún 1987, ọgbọ̀n èèyàn ni wọ́n pa, ọmọdé sì pọ̀ nínú wọn, nítorí pé bàbá wọn gba ìbọn ìjọba. Kúrdì ni àwọn òkú yẹn náà. Ẹni tó bá ń gbẹjọ́ Kúrdì rò tó fo orí wọn, irọ́ ló ń pa. Àwọn abiyamọ tí ọmọ wọn wọ aṣọ sójà Túrkì tí kò padà délé náà ń sunkún, omi ojú wọn kò sì dùn ju ti ẹlòmíràn lọ.

Àmọ́ ìbọn yẹn ti ń sọ̀ kalẹ̀, ìyẹn gan-an ló mú kí n máa kọ̀wé nísinsìnyí. Abdullah Öcalan, olórí tó dá PKK sílẹ̀, tí wọ́n mú ní Nairobi ní oṣù Kejì ọdún 1999 tó sì ti wà lẹ́wọ̀n ní erékùṣù İmralı láti ìgbà náà, pè wọ́n ní ọjọ́ 27 oṣù Kejì ọdún 2025 pé kí wọ́n tú ká. Ní ọjọ́ 12 oṣù Karùn-ún, wọ́n kéde pé àwọn ti tú ká. Ní ọjọ́ 11 oṣù Keje, ọgbọ̀n nínú wọn sọ ìbọn sínú ìkòkò ńlá kan nítòsí Sulaymaniyah ní Ìráàkì, wọ́n sì dáná sun ún. Ìbọn ti jóná kí ìyá yẹn tó dé ọ̀dọ̀ yín. Ọ̀rọ̀ ẹnu nìkan ló mú wá.

6. Nílẹ̀ Yorùbá ní ayé àtijọ́, a ní orúkọ fún irú èèyàn tí ìjọba yín ń rán sí àwọn ìlú Kúrdì. Ajẹ́lẹ̀ là ń pè é. Nígbà tí Ìbàdàn lágbára, ó ń rán ajẹ́lẹ̀ sí àwọn ìlú Èkìtì àti Ìjẹ̀ṣà. Ìlú kò yàn án, ìlú kò sì lè yọ ọ́. Ìwà àwọn ajẹ́lẹ̀ yìí ló mú Fábùnmi ti Òkè-Ìmẹ̀sí yọ idà, ohun tó sì bí ogun Kírìjì nìyẹn, tó jà kọjá ọdún mẹ́wàá. A mọ adùn rẹ̀, a mọ ìkorò rẹ̀.

Ẹ wo Mardin. Àwọn ará ìlú dìbò yan Ahmet Türk ní mẹ́yọ̀. Ìjọba yọ ọ́ ní 2016, ó fi ajẹ́lẹ̀ síbẹ̀. Wọ́n tún dìbò yàn án ní 2019, ìjọba tún yọ ọ́. Wọ́n yàn án lẹ́ẹ̀kẹta ní 2024. Ní oṣù Kọkànlá ọdún náà, ìjọba tún yọ ọ́. Bàbá náà ti lé ní ọgọ́rin ọdún! Ó sì jẹ́ pé oṣù tó ṣáájú ni Devlet Bahçeli, alájọṣe ìjọba yín, dìde tó ní kí Öcalan wá sọ̀rọ̀ nínú Ilé Aṣòfin. Ẹ fi ọwọ́ ọ̀tún pe ẹni tó gbébọn, ẹ fi ọwọ́ òsì lé ẹni tó gba ìbò.

Selahattin Demirtaş náà wà ńbẹ̀, ẹni tó gba ìbò mílíọ̀nù mílíọ̀nù nígbà tó du ipò ààrẹ. Wọ́n mú un lọ́jọ́ 4 oṣù Kọkànlá ọdún 2016. Ní oṣù Kejìlá ọdún 2020, àwùjọ adájọ́ tó ga jù nílé ẹjọ́ Yúróòpù ní kí wọ́n tú u sílẹ̀ kíákíá. Ní 2024, ẹ̀wọ̀n ọdún 42 ni ilé ẹjọ́ Túrkì fi dáhùn.

7. Ẹ̀rù tó ń bà yín ni pé tí ẹ bá ṣílẹ̀kùn fún èdè, ilẹ̀ á pín. Ẹ̀rù yìí kì í ṣe ẹ̀rù òmùgọ̀. Kúrdì wà ní Ìránì, wọ́n wà ní Ìráàkì àti Síríà, wọ́n sì tó ẹnìkan nínú ẹni márùn-ún tàbí mẹ́fà ní Túrkì. Nàìjíríà mọ ẹ̀rù yẹn. Ó ti jagun nítorí rẹ̀. Síbẹ̀, abala 55 nínú ìwé òfin wa ní a lè fi Haúsá, Ígbò àti Yorùbá ṣe ìpàdé ní Ilé Aṣòfin Àpapọ̀, tí ètò bá ti wà. N kò ní purọ́ fún yín: Gẹ̀ẹ́sì ni wọ́n ṣì ń sọ lábùjá. Ìwọ̀nba tí mo lè fi yangàn ni pé Ilé Aṣòfin Èkó ti ya Ọjọ́bọ̀ sọ́tọ̀ fún Yorùbá rí, fún ọ̀pọ̀ ọdún, Èkó kò sì já kúrò lára Nàìjíríà nítorí rẹ̀.

Ti ilé ìwé ni kí ẹ gbọ́ dáadáa. Ní 1970, Ọ̀jọ̀gbọ́n Babs Fáfúnwá àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Ifẹ̀ bẹ̀rẹ̀ ètò kan tí wọ́n fi ń fi Yorùbá kọ́ àwọn ọmọ ní gbogbo iṣẹ́ fún ọdún mẹ́fà alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀. Gẹ̀ẹ́sì wà níbẹ̀ gẹ́gẹ́ bí iṣẹ́ kan. Àwọn ọmọ náà mọ̀wé ju àwọn tí wọ́n fi Gẹ̀ẹ́sì kọ́ lọ. Tiyín, abala 42 ìwé òfin yín ní a kò gbọdọ̀ kọ́ ọmọ Túrkì ní èdè mìíràn yàtọ̀ sí Túrkì gẹ́gẹ́ bí èdè abínibí ní ilé ẹ̀kọ́ kankan. Láti 2012, ọmọ lè yan Kúrdì fún wákàtí méjì lọ́sẹ̀, láti kíláàsì karùn-ún. Wákàtí méjì, fún èdè tó fi kọ́ ọ̀rọ̀ àkọ́kọ́ láyé!

Ohun tí mò ń bèèrè nìyí, kò pọ̀. Ẹ yí abala 42 padà, ẹ sì jẹ́ kí agbègbè tó bá fẹ́ fi Kúrdì bẹ̀rẹ̀ ẹ̀kọ́ ọmọ rẹ̀ ṣe bẹ́ẹ̀, kí Túrkì wà níbẹ̀ pẹ̀lú. Ẹ dá àwọn tí ìlú dìbò yàn padà sípò, kí ajẹ́lẹ̀ máa lọ sílé. Ẹ tẹ̀lé ìdájọ́ ilé ẹjọ́ Yúróòpù láìfi òfin mìíràn bò ó mọ́lẹ̀. Àwọn Ìyá Ọjọ́ Sátidé ti ń jókòó ní gbàgede Galatasaray láti oṣù Karùn-ún ọdún 1995, wọ́n ń béèrè ibi tí wọ́n sin ọmọ wọn sí; ẹ ṣí fáìlì fún wọn. Ní 2011, Ààrẹ Erdoğan, tó jẹ́ olórí ìjọba nígbà náà, tọrọ àforíjì fún àwọn tí sójà ìjọba pa ní Dersim ní 1937 àti 1938. Ẹnu rẹ̀ kò bó, Túrkì kò sì pín. Roboski náà tó bẹ́ẹ̀.

Èyí tó kéré jù nínú gbogbo rẹ̀ kò sì nílò òfin tuntun, owó, tàbí ìbò kankan. Ẹ pe ìyá yẹn padà. Ẹ fi ògbufọ̀ kan sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀. Ẹ jẹ́ kó sọ ọ́ bó ṣe wà nínú rẹ̀. Kí akọ̀wé Ilé sì kọ orúkọ èdè tó sọ sínú ìwé: Kúrdì.

Èmi ni tiyín ní tòótọ́,
Ọmọbìnrin Yorùbá kan, ní àríwá Lọ́ńdọ̀nù.